Wọ́n Ti Gé E Kúrò, Kí Ló Wá Kù?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin màmá wa, ẹ̀yin àǹtí, àti ẹ̀yin bàbá mẹ́rin tí mo rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ tẹ̀lé ìyàwó yín wá, ẹ sún mọ́ iwájú jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ìpàdé àwọn obìnrin kan n'Íbàdàn ni mo ti sọ ọ́, òjò ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wá, wọ́n wá ní kí n tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má bínú tí gbólóhùn kan bá gùn kọjá ibi tó yẹ.)

Nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ jẹ́ n fi màmá kan bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ọsibítù tó ti ń bọ̀. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú náílọ̀nù dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹja fúnni lọ́jà, ó da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí tábìlì mi, rísíìtì, káàdì ọsibítù mẹ́ta, fíìmù ẹ́síréè, èsì ẹ̀jẹ̀, kódà rísíìtì bándéèjì wà ńbẹ̀. Oṣù 5 sẹ́yìn ni wọ́n ti gé ọmú òsì ẹ̀ kúrò. Ojú egbò ti jinná, ó mọ́, ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn mọ iṣẹ́. Mo tú ìwé títí, mi ò rí èyí tí mò ń wá. Mo ní, "Mà, ìwé lábù ẹran tí wọ́n gé ńkọ́?" Màmá wò mí. Ó ní, "Sísítà, ẹran wo? Ṣé wọn ò ti gé e dànù ni?"

Inú ìbéèrè màmá yẹn ni gbogbo ohun tí mo wá sọ wà.

Ta ni ìdun ti yọ lẹ́nu rí níbí? Ẹ má tijú, ẹ nawọ́ sókè, èmi náà nawọ́. Ẹ̀n-ẹ́n. Tí ìdun bá kún bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e síta, ẹ sun ún, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀kan ò tíì wọ inú ìrọ̀rí, àbí inú àpótí aṣọ, àbí ihò ara ògiri? Ẹ ò rí i, kò tíì bu yín jẹ, ẹ sì ń sùn dáadáa, àmọ́ tó bá ku méjì péré, ẹ fún un lóṣù díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló gbé bẹ́ẹ̀dì síta yẹn. Kímò (oògùn tó ń lọ káàkiri ara láti pa jẹjẹrẹ), rédíòtẹ́rápì (ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sójú ibi tí àrùn wà), oògùn tó ń dí hómónù lọ́nà, ìdun tí ojú ò rí ni wọ́n ń lé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè sọ fún èèyàn pé "a ti yọ gbogbo ẹ̀," kó tún ní kó wá gba kímò, kì í ṣe pé ó purọ́ ní àkọ́kọ́.

Àwọn dókítà gan-an, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Baltimore l'Amẹ́ríkà láyé 1890 sókè, William Halsted, èrò tiẹ̀ ni pé tí àrùn bá padà, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n gé ò tó. Ló bá ń gé ọmú, ó ń gé iṣan àyà tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń kó gbogbo kókó abẹ́ abíyá (àwọn kókó kéékèèké tó wà níbẹ̀ lára gbogbo èèyàn, tí jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ), eegun ìhà lásán ló ń kù, apá á wá wú bí ìrọ̀rí. Àrùn ṣì ń padà fún ọ̀pọ̀ wọn torí ó ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ kí ọ̀bẹ tó dé. Ọdún tó lé ní 80 lẹ́yìn náà ni Gianni Bonadonna ní Milan tó fi hàn, ní 1976, pé àwọn tó gba kímò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àrùn kì í tètè padà bá wọn bíi ti àwọn tí ò gbà, nígbà tó sì di 1985 Bernard Fisher ní Pittsburgh fi hàn pé tí wọ́n bá yọ kókó nìkan tí wọ́n sì fi rédíòtẹ́rápì tì í lẹ́yìn, ẹ̀mí obìnrin náà ń gùn bíi ti ẹni tí wọ́n gé gbogbo ọmú fún. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe bí ọ̀bẹ ṣe jìn tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹran.

Ẹran tí wọ́n gé, lábù ló ń lọ. Wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á pa á láró, dókítà lábù á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, á kọ ìwé. Ìwé yẹn ló máa sọ bí kókó ṣe tóbi tó, iye kókó abẹ́ abíyá tí àrùn ti dé, bóyá etí ibi tí ọ̀bẹ gbà mọ́ àbí kò mọ́, àti bí àrùn yẹn ṣe ń sáré tó. Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń ṣe sí i, wọ́n sábà máa ń gba owó ẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ló ń fa kí àwọn ẹbí ní "ẹ jẹ́ ká sinmi ná, owó ti tán." Ẹ má sinmi ńbẹ̀ o. Àyẹ̀wò yẹn ló ń gbé orúkọ mẹ́ta jáde: ER, PR, HER2. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ kọ mẹ́ta yìí sẹ́yìn káàdì yín.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù nìyí. Jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó létí. Hómónù obìnrin, èyí tó ń jẹ́ kí ọmọbìnrin yọ ọmú, tó ń jẹ́ ká ṣe nǹkan oṣù, á máa sọ̀rọ̀ nínú ara, jẹjẹrẹ yẹn á máa gbọ́, bó bá ṣe ń gbọ́ lá máa dàgbà. Tí lábù bá kọ ER pọ́sítíìfù àbí PR pọ́sítíìfù, ohun tó ń sọ ni pé àrùn yìí létí. Inú wa máa ń dùn tá a bá rí bẹ́ẹ̀, torí ohun tó bá létí, a lè dí i létí. HER2 ní tiẹ̀, etí mìíì ni, àrùn náà ló hù ú jù, òun náà sì ní oògùn tó ń dí i. Èyí tí ò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń pè ní triple-negative, adití ni, ó sì máa ń sáré, kímò la fi ń bá a jà jù. Irú adití yìí pọ̀ lára àwa obìnrin ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ju ti òyìnbó lọ, jẹjẹrẹ ọmú sì ń bá àwọn tiwa lọ́jọ́ orí tó kéré sí tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olopade, tó kàwé ìṣègùn n'Íbàdàn wa níbí kó tó lọ sí Chicago, tí wọ́n fún ní MacArthur, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn ọlọ́pọlọ pípé l'Amẹ́ríkà, ní 2005, ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń wá ìdí ẹ̀.

Ẹ ti wá rí i báyìí pé láìsí ìwé yẹn, ẹni tó ń fún yín lóògùn ń ju òkò sínú òkùnkùn ni.

Nǹkan kan tún wà tí wọn kì í sọ fún ẹbí. Nílẹ̀ wa níbí, ẹbí ló sábà máa ń gbé ẹran náà lọ sí lábù fúnra wọn, nínú ike, wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á gbé e lé itan. Omi tó wà nínú ike yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ bo ẹran náà dáadáa. Tó bá jẹ́ omi lásán, àbí tí ẹran bá jókòó ní gbangba títí ó fi ń rùn, àyẹ̀wò etí yẹn lè má jáde mọ́, àbí kó jáde ní nẹ́gátíìfù nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà tíátà: "Ṣé fọ́málìn ló wà níbí?" Kò sí ohun tó kan ojú tì ńbẹ̀.

Kímò. Mo mọ̀ pé òun lẹ̀ ń retí, òun ló ń ba gbogbo yín lẹ́rù. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gbà á o, ìwé ló ń sọ, àwọn mìíì sì ti gbà á kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kó lè súnkì. Ẹni tó bá máa gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 tí egbò bá ti jinná ló dáa kó bẹ̀rẹ̀, tó bá ti lé ní oṣù 3 agbára ẹ̀ ń dínkù. Màmá onínáílọ̀nù ti jẹ oṣù 5. Irú èyí tá à ń fún wọn jù, oògùn pupa kan wà nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà wọ́n á yí i sí òmíràn, gbogbo ẹ̀ lè tó oṣù 5 sí 6. Oògùn pupa yẹn á jẹ́ kí ìtọ̀ pupa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbà á, ẹ má pariwo, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í já ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn àkọ́kọ́, orí ìrọ̀rí lẹ ó ti kọ́kọ́ rí i. Ọ̀pọ̀ máa ń gé e kódò kó tó já, obìnrin kan ní ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ọdún 7 ló bá òun gbé kílípà, pé ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ń hù padà. Èékánná á dúdú, àtẹ́lẹwọ́ náà, ìyẹn náà ń lọ. Èébì wà, àmọ́ oògùn tó ń dá a dúró ti dáa gan-an ju ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ, ẹ lò ó kí èébì tó dé, ẹ má dúró dè é.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́ fún mi nìyí. Kímò máa ń pa àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbà á ni wọ́n máa ń kéré jù. Tí ara bá gbóná lásìkò yẹn, tí tẹmómítà kọ 38 sókè, ọsibítù lẹ̀ ń lọ, lóru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́. Nílẹ̀ wa, ara gbígbóná, ibà náà ni, a ti mọ ohun tá a fi ń wò ó, a ó lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísíìtì, a ó mu parasẹ́támọ̀, a ó sùn. Parasẹ́támọ̀ á gbé ara yẹn wálẹ̀ o, àrùn á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ojú á máa tàn yín. Mo ti bá ọ̀kan lórí stretcher láàárọ̀ tó jẹ́ pé agogo 9 alẹ́ àná ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀ ní "Màmá ní kí n jẹ́ káwọn sùn díẹ̀." Ẹ ra tẹmómítà. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sọ fún gbogbo ilé pé 38.

Bàbá kan níbẹ̀ yẹn bèèrè nípa àgbo. Bàbá mi, mi ò kí ń bú àgbo, àgbo ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ló ń tú kímò palẹ̀, ẹ̀dọ̀ kan náà yẹn ló tún máa tú àgbo, ẹrù méjì lórí alágbàárù kan, ẹni tó ń wo èsì ẹ̀jẹ̀ ò sì ní mọ èyí tó dà á láàmú. Ẹ fi àgbo sílẹ̀ títí kímò á fi parí. Tẹ́ ẹ bá sì ti mu ún, ẹ sọ, a ò ní lù yín.

Rédíòtẹ́rápì ńkọ́? Àwọn kan ń pè é ní iná, wọ́n rò pé wọ́n á sun èèyàn. Ẹ ó kàn dùbúlẹ̀, ẹ ó gbé apá sókè lẹ́yìn orí, ẹ̀rọ á yí, ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í dunni. Awọ ibẹ̀ á dúdú, ó lè bó, á rẹ̀ yín. Àtijọ́, ẹ̀ẹ̀ 25 ni, ọ̀sẹ̀ 5, báyìí ọ̀pọ̀ ibi ti sọ ọ́ di 15 ní ọ̀sẹ̀ 3, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 2020 tiẹ̀ fi hàn pé 5 péré, lọ́sẹ̀ kan, lè ṣiṣẹ́ náà fún àwọn kan. Ẹ bi dókítà yín pé èwo, torí owó mọ́tò àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn lọ̀rọ̀ yẹn já sí fún ẹni tó ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí. Ọsibítù UCH n'Íbàdàn níbí ń ṣe é, l'Ékòó ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó wà nínú ọsibítù LUTH tí wọ́n ṣí ní 2019 náà ń ṣe é. Ẹ pe kọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ̀rọ lè bàjẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n ṣẹ́ ọmú kù fún, ẹ fetí sílẹ̀: ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ò tíì parí tẹ́ ẹ ò bá gba rédíò. Iṣẹ́ abẹ yẹn àti rédíò, àdéhùn kan náà ni. Wọ́n kó ìwádìí 17 pọ̀ ní 2011, ó lé ní 10,000 obìnrin, láàárín ọdún 10, nínú 100 tí ò gba rédíò, àrùn padà bá 35; nínú 100 tó gbà á, 19. Àwọn tí wọ́n gé gbogbo ọmú fún, kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò ẹ̀, tí kókó bá tóbi ju sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí tó bá ti dé kókó abẹ́ abíyá 4 sókè ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́.

Mo dárúkọ apá gbígbé sókè, ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn, ìrora ò ní jẹ́ kí wọ́n lo apá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á so ó mọ́ ara bíi ti adìyẹ tí ìyẹ́ ẹ̀ kán, tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá èjìká á gan, tí àsìkò rédíò bá wá dé, apá ò ní lọ sókè, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ ná. Ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fi ìka rìn lọ sókè bíi aláǹgbá, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tẹ́ ẹ dé, lọ́la ẹ kọjá ẹ̀. Ẹ fi apá yẹn ya irun, kódà tí irun ò bá sí. Tí ọwọ́ bá ń wú, ẹ tètè wá, ẹ má fi òróró gbígbóná fọwọ́ ra á, ẹ má fi bángù tó fún sí i.

Oògùn tó ń dí i létí ni mo fẹ́ràn jù láti sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tamoxifen. Hóró kan lójúmọ́, owó ẹ̀ ò pọ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba ló ṣe é láyé 1960 sókè, ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n ń wá, oògùn náà já wọn kulẹ̀ ńbẹ̀ pátápátá, ó wá lọ rí iṣẹ́ mìíì. Ẹni tí ER ẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù tó bá lò ó fún ọdún 5, ó ń dín ikú tí jẹjẹrẹ yẹn lè fà kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, àǹfààní ẹ̀ sì ń bá a lọ títí di ọdún 15. Wọ́n ní kí àwọn kan lò ó di ọdún 10. Àwọn tí nǹkan oṣù ti dúró fún, wọ́n lè fún wọn ní anastrozole tàbí letrozole, ìyẹn ò dí etí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló pa lẹ́nu mọ́, àmọ́ ó lè mú eegun fúyẹ́.

Ìṣòro Tamoxifen ni pé ara ò dun èèyàn mọ́ nígbà tó ń lò ó. Egbò ti jinná, irun ti hù, ìwọ sì tún ń jí lóru tí òógùn bo gbogbo ara torí hóró kan. Wọ́n á wá dá a dúró, wọn ò ní sọ fún wa, wọ́n á máa bọ̀ wá gba ìwé oògùn bíi pé wọ́n ń lò ó. Kẹ́ ẹ tó dá a dúró, ẹ wá bá wa jà ná, ohun tá a lè ṣe sí ooru yẹn wà. Ohun tó gbọ́dọ̀ gbé yín wá kíá ni kí ẹsẹ̀ kan wú kó máa dun yín, kí èémí ṣàdédé máa gé, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró. Ẹ má lóyún lórí ẹ̀.

Fún HER2, trastuzumab ni, abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ọdún kan, wọ́n á máa yẹ ọkàn wò. Owó ẹ̀ pọ̀, mi ò ní tàn yín. Ìwádìí kan ní Ìlú Ọba ní 2019 fi hàn pé oṣù 6 fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tó ọdún kan, torí náà ẹni tí owó ẹ̀ máa gbé débẹ̀, kó bá dókítà sọ ọ́, kó má kàn sá lọ nílé. Ẹ rí àwọn sóṣà wọ́kà ọsibítù pẹ̀lú, ìjọba àpapọ̀ ní owó ìrànwọ́ jẹjẹrẹ kan, àwọn ló mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀.

Kọ́mú, kí n tó jókòó. Mo rí ọmọbìnrin kan ní wọ́ọ̀dù tó ń ki sọ́ọ̀kì ọmọ ẹ̀ méjì bọ kọ́mú lápá kan, ó fi píìnì há a, ó ń wo dígí fóònù, ó tún yọ ọ́, ó tún ki ọ̀kan sí i. Ẹnikẹ́ni ò bá a sọ ọ́ rí. Télọ̀ lè rán an: aṣọ kọ́tìnnì, ẹ fi fóòmù sí i, ẹ fi ọkà bàbà díẹ̀ sínú kó lè wúwo, kí èjìká má bàa tẹ̀ sí apá kan. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin lẹ máa wá télọ̀ yẹn o. Iṣẹ́ abẹ tó ń tún ọmú ṣe wà, fún ẹni tó bá fẹ́ tó sì lágbára ẹ̀.

Ìbéèrè pọ̀, ọ̀kan ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní 2019 ni wọ́n gé tòun, wọ́n sọ fún òun nígbà náà pé àyẹ̀wò kan kù tí owó ò sí fún, òun ò sì lo hóró kankan látìgbà yẹn, ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Mo ní mà, lábù máa ń fi ẹran yẹn sínú ìda bíi ti ábẹ́là, wọ́n á tò ó sí àpótí, ó lè wà ńbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè ṣe àyẹ̀wò ER sí i lónìí. Nọ́ńbà kan wà lókè ìwé lábù àkọ́kọ́ tí wọ́n fún yín, òun ni wọ́n á fi wá a, tí èsì bá jáde dókítà á sọ bóyá hóró ṣì wúlò. Ó ní ìwé yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun nílé, nínú Bíbélì àtijọ́. Kò dúró gba ìpápánu, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ àga.